Ọmọṣẹ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Bá Ọ̀gá Jiyàn

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ìyá rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi Yorùbá kí ẹ̀ṣọ́ wa, ọmọ Gabon tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, mo sì jáde lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni, ṣùgbọ́n aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni obìnrin náà wọ̀, gèlè rẹ̀ le kankan. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó há kọ̀ǹpútà sábíyá, ojú ń tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, yóò wọlé lọ. Páálí mọ́ọ̀tì méjì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti àpòòwé kan tí wọ́n fi tépù lẹ̀ pa.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin náà wí, ó sì ń mú orúnkún rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo mú ọmọ yín wá."

Mo yára dì í mú lápá, nítorí ó jù mí lọ dáadáa. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ láàárín àwa Yorùbá mọ ohun tí ìyá yìí wá ṣe. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì, òbí rẹ̀ ni í mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọ́n á gbé ohun mímu dání, wọ́n á san owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀gá ti di òbí kejì. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tiwa kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Àwa márùn-ún là ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́, nínú yàrá mẹ́ta lókè ilé kan ní Charbonnages, àdúgbò kan ní Libreville, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń ba gbogbo irin jẹ́. Ìwé àdéhùn la fi ń gbani síṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì gbé mọ́ọ̀tì wá rí.

Ìyá na àpòòwé náà sí mi. "Owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí kò bá tó, ẹ ní sùúrù fún mi."

Mo ní kó fi í pa mọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé àwa la máa sanwó fún ọmọ rẹ̀, lóṣooṣù.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ fẹ́ sanwó fún ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́? Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀ lèyí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìbéèrè yẹn gan-an ni alábàáṣiṣẹ́ mi ti ń bi mí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀ nìkan ni kò sí nínú tirẹ̀.

Nígbà tí ìyá náà gbà pé n kì í ṣe oníjìbìtì, ó ní kí ọmọ rẹ̀ bọ́ síwájú. Ó gbàdúrà gígùn lórí àwa méjèèjì lórúkọ Jésù, ó fi ọwọ́ ọmọ náà lé ọwọ́ mi, ó wá kọjú sí i. "Wò mí dáadáa. Ọ̀gá rẹ kì í ṣì. Bí ó bá ní funfun ni èédú, funfun ni. O ò gbọdọ̀ bá a jiyàn láéláé. Ṣé o gbọ́?"

"Oui, maman."

"Mo ní ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún ìyá náà pé nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò lè sọ pé "kò rí bẹ́ẹ̀" kò wúlò. N kò sọ ọ́. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ níwájú mi pé n kì í ṣì, ọkọ mi kò sọ ọ́ rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Mo gba mọ́ọ̀tì, mo ní, "Ọmọ mi ni, Ìyá. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Alábàáṣiṣẹ́ mi jẹ́ ọmọ Gabon, ọkùnrin tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Àwa méjèèjì la jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èmi ni mo ń ṣe olórí àwọn tó ń kọ ètò, òun ló ń wá oníbàárà. Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, tí kò ṣiṣẹ́ níbì kankan rí, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì tú kóòdù jáde kí n tó mu ife kọfí mi tán.

"Wò ó," ni ó wí ní Faransé. "Iṣẹ́ tí a ń gbé fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí. Kí la tún fẹ́ fi ọmọ náà ṣe? A ó máa sanwó fún un, ìwọ yóò tún pa iṣẹ́ tìrẹ tì láti kọ́ ọ. Jẹ́ ká gba ẹnì kan tó ti gbó nínú iṣẹ́, kó parí síbẹ̀."

"Ìwọ tó o ti gbó, ṣé bí wọ́n ṣe bí ọ nìyẹn?" ni mo fi dá a lóhùn. Mo lu tábìlì, kọfí sì dà sí i ní ṣòkòtò. Mo ní ìbínú díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí á ní kì í ṣe díẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo mọ ibi tí mo ti wá. Bàbá mi ránṣọ ní ọjà Mont-Bouët títí ojú rẹ̀ fi rẹ̀. Ilé-ìwé Faransé ni mo lọ, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ìgéṣọ rẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ Yorùbá tí mo gbọ́. Kò sí ìgbà kan tí bàbá mi kò ní ọmọṣẹ́, kódà lọ́dún tí iṣẹ́ dá páú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe, ṣebí wọ́n ti ń kó aṣọ rírán wọ̀lú nínú kọ̀ǹténà. Ó máa ń ní, "Télọ̀ tí kò bá gba ọmọṣẹ́, òun ni yóò jẹ́ télọ̀ ìkẹyìn." Bí mo bá rìn lọ sí Mont-Bouët lónìí, àwọn ọkùnrin tí irun wọn ti funfun máa ń dìde lórí maṣíìnì wọn láti kí mi, nítorí ọwọ́ bàbá mi ni wọ́n ti mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Ogún tí mo jẹ nìyẹn, ó sì pọ̀ tó fún mi.

Níkẹyìn, a dá májẹ̀mú. Oṣù mẹ́ta ìdánwò, tí wọ́n ń pè ní "période d'essai". Bí oṣù mẹ́ta bá pé, tí ọmọ náà kò lè dá iṣẹ́ oníbàárà kan gbé láìsí pé mo dì í lọ́wọ́ mú, yóò lọ, n kò sì ní dárúkọ akọ́ṣẹ́ mọ́ nínú ilé iṣẹ́ wa. Mo ní ó dára. Mo tilẹ̀ na ọwọ́ kí a bọ ara wa lọ́wọ́.

Bí bàbá mi ṣe ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọmọbìnrin náà. Lọ́dọ̀ bàbá mi, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Aṣọ àlòkù ni wọn yóò gbé fún un, pẹ̀lú abẹ, pé kó tú u. Ojúrán dé ojúrán, títí yóò fi mọ ìdí tí ẹni tó rán an fi gba ibí. Mo gbé ètò kan tí mo fúnra mi kọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn fún ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ntoum, ìlú kan lẹ́yìn Libreville, mo ní, "Tú u. Kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí o kò bá mọ ìdí rẹ̀, wá bi mí."

Ìbéèrè dé! Ọmọ tí wọ́n bí sí Libreville ni, Faransé ló já gaara lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n torí ìyá rẹ̀, ó ń tiraka láti fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀. "Mà, pardon, kí ló dé tí ẹ fi... comment on dit... tí ẹ fi kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì?" Bí ó ṣe ń bi mí lówùúrọ̀ ló ń bi mí lọ́sàn-án. Nígbà mìíràn mo máa ń jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí oṣù kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo ní kó máa wọ takisí lọ sí Ntoum ní gbogbo Ọjọ́rú, kó jókòó ti àwọn tó ń lo ètò náà, kó wo bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Lẹ́yìn ìgbà kejì tó lọ, ìbéèrè dáwọ́ dúró. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ ni, orí rẹ̀ á wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló la ẹnu, nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán. Ó ní, "Mà, bàbá yín, ọjọ́ wo ni wọ́n bí wọn?"

Iṣẹ́ ti gbà mí lọ́kàn lọ́jọ́ náà, ooru sì mú. Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ lo wá ṣe níbí ni àbí iṣẹ́ ọlọ́pàá? Jẹun rẹ."

Ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Èmi sì ń yangàn. Mo lọ bá alábàáṣiṣẹ́ mi, mo ní, "Ṣé o rí i? Kò tún béèrè nǹkan kan mọ́. Ó ti mọ̀ ọ́n." Nígbà tí mo bá rántí pé mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, tí mo tún ń mi orí bí ọlọ́gbọ́n, ojú máa ń tì mí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà pè wá láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gún bàbá àgbàlagbà kan ní abẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ kò gbà rárá. Fáìlì bàbá mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni kọ̀ǹpútà gbé jáde fún wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn wọlé, òun ló sáré wọ yàrá lọ pe nọ́ọ̀sì pé kó dúró. Kò sí ohun tó ṣe bàbá náà. Ẹsẹ̀ kò dúró nílẹ̀, èmi, alábàáṣiṣẹ́ mi àti ọmọbìnrin náà wọ ọkọ̀, ó di Ntoum.

Obìnrin agborúkọsílẹ̀ náà kò bínú. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, etí rẹ̀ ti ká. Ó ti kọ nǹkan kún un: èyí tó ń tiro, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹja, èyí tó ní àpá létí. Orúkọ kan náà, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ọdún mẹ́fà ni ìwé náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ó ṣàlàyé ìdí fún wa. Ètò tí mo kọ kò ní gba ẹnikẹ́ni wọlé àyàfi bí wọ́n bá kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí i. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ń wá kò mọ ọjọ́ ìbí wọn. Ohun tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ wọn ni "né vers", ìyẹn ni pé ní nǹkan bí ọdún báyìí la bí wọn. Nítorí náà, kí kọ̀ǹpútà lè dákẹ́ ariwo, obìnrin náà ń kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún gbogbo wọn. Ètò mi sì gbà pé bí orúkọ méjì bá bára mu, tí ọjọ́ ìbí bára mu, ẹnì kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù. Lórí káàdì ìgbélùú bàbá tó bí mi, "né vers" ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé káàdì yẹn lọ ṣe fótókópì láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kó mọ̀ pé ènìyàn lè wà láyé láìní ọjọ́ ìbí, èmi ni. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo kọ ètò tí bàbá mi fúnra rẹ̀ kò lè fi gba káàdì ilé ìwòsàn.

Obìnrin náà wá tọ́ka sí ọmọbìnrin wa, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti ṣàlàyé fún un. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí. Ó ya fọ́tò ìwé mi pàápàá."

Gbogbo ojú yí sí ọmọ náà. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

A padà sí Charbonnages. Bí a ṣe wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ní ọjọ́ mẹ́sàn-án! Mo ní bí bàbá yẹn bá kú ńkọ́? Ọmọ náà sunkún, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń sunkún ló ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó yí i sí mi. Ó ti tún ètò náà kọ. Gbogbo rẹ̀. Àyè wà fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, àyè wà fún abúlé rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀, fún fọ́tò. Ó ti dán an wò lọ́nà tí èmi pàápàá kì bá tí rántí. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Maman ní n kò gbọdọ̀ sọ pé ẹ ṣì í." Ó nu imú rẹ̀. "Mo ń wá ọ̀nà kí ẹ rí i fúnra yín. Ìdí tí mo ṣe béèrè ọjọ́ ìbí bàbá yín nìyẹn, mà."

Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá délé ti fi òwe bá mi sọ̀rọ̀, èmi àgbà sì ní kó jẹun rẹ̀.

Mo lọ bá alábàáṣiṣẹ́ mi, mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan mọ́ọ̀tì. Ó gbọ́ mi jáde. Ó wá ní, "Ẹni tó rí iná, tó ń dúró kí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, kò ṣeé bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní òun ni, kì bá ti fi pa mọ́."

"Ẹ̀rọ rẹ ka ètò kan náà yẹn lọ́dún yìí," ni mo wí. "Ìwọ lo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò sí àléébù. Ẹ̀rọ kò wọ takisí lọ sí Ntoum. Kò rí ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ló béèrè ohun tí ìwé yẹn ń ṣe níbẹ̀, torí kò tíì mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn béèrè."

Olóòótọ́ ènìyàn ni, ìdí tí mo fi lè bá a ṣiṣẹ́ nìyẹn. "Ó dára," ni ó wí. "A ó dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Ọjọ́ náà, a ó lọ fi iṣẹ́ náà han dókítà. Bí kò bá lè la ẹnu níwájú oníbàárà, yóò lọ. Mo ti sọ tèmi."

Mo pe ọmọ náà, mo ní láti òní lọ, bí mo bá ṣì í, kó sọ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Oui, mà." Lọ́jọ́ kejì mo dán an wò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá nípa kóòdù tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mà." Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi kò ràn án. Ọwọ́ ẹni tó ti ilẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Nítorí náà, ní Sátidé, mo lọ sí Mont-Bouët lọ bá ìyá rẹ̀. Àgádágodo, ìdè ilẹ̀kùn àti ìṣó ló ń tà, ní ìsọ̀ kan tó fún bíi àpótí. Ó fi àǹkárá nu àpótí ìjókòó fún mi, ó rán ọmọ kan lọ ra omi tútù wá. Mo mu omi, mo ní, "Ìyá, mo wá jẹ́jọ́. Mo ṣì í."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá kì í ṣì."

"Mo ṣì í, Ìyá. Díẹ̀ ló kù kí n pa bàbá oníbàbá. Ọmọ yín rí i. Kò sọ ọ́, nítorí ẹ̀yin lẹ ní kó má sọ ọ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó mú àgádágodo kan, ó ń ṣí i, ó ń tì í. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, òun ń bá ọlọ́jà kan ṣiṣẹ́, òun sì sọ fún un níwájú àwọn ènìyàn pé ó wọn aṣọ fún oníbàárà láìpé. Òótọ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹrù òun ti wà níta. "Òjò ń rọ̀, mo ti lóyún rẹ̀. Ẹnu ni mo fi pàdánù iṣẹ́ mi, ọ̀gá. Mo ní tèmi kò ní fi ẹnu pàdánù tirẹ̀."

Nínú ọkàn mi ni mo ti ń pe obìnrin yìí ní ará oko láti ọjọ́ tó gbé mọ́ọ̀tì wá, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ ohun tí mo ń tọrọ rẹ̀ fún. Ó wá fa fóònù rẹ̀ yọ, ó pe ọmọ rẹ̀, ó fi í sí gbangba kí n lè gbọ́.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí mo mú ọ lọ, mo ti gbé e kúrò. Ọ̀gá rẹ wà níwájú mi. Bí ó bá ṣì í, sọ fún un." Ó ti àgádágodo ọwọ́ rẹ̀ pa. "Ṣùgbọ́n kúnlẹ̀ sọ ọ́."

Ọjọ́ ìkẹyìn oṣù mẹ́ta, a padà lọ sí Ntoum. Dókítà jókòó sórí àga rẹ̀, obìnrin agborúkọsílẹ̀ náà dúró tì í, alábàáṣiṣẹ́ mi gbé báàgì rẹ̀ lé orí itan. Mo mọ̀ pé ìwé méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan láti gbà á síṣẹ́ pátápátá, ọ̀kan láti dá a dúró. Ọmọbìnrin náà fi ètò tuntun hàn wọ́n. Ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Dókítà mi orí, ó ní ó dára, àwọn fáìlì àtijọ́ tó ti dàpọ̀ mọ́ra wọn ńkọ́?

Inú mi dùn jù. Kí ọmọ náà tó fèsì, mo ti já ọ̀rọ̀ gbà. Mo ní, "Má ṣèyọnu, dókítà. Ètò náà yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Títí Ọjọ́ Ajé, ó ti parí."

Mo gbọ́ ìró bàtà. Ọmọbìnrin náà jáde láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì lórí táìlì ilé ìwòsàn, níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ ṣì í, mà," ni ó wí.

Ó wá yí sí Faransé kí gbogbo wọn lè gbọ́, lórí ìkúnlẹ̀ náà. Ó ní kọ̀ǹpútà kò lè yà wọ́n, nítorí kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tó mọ bàbá kan yàtọ̀ sí èkejì. Inú ìwé kékeré ni ìmọ̀ yẹn wà, àti inú orí obìnrin tó kọ ọ́. Ó ní òun yóò wá jókòó tì í lójoojúmọ́, wọn yóò máa ya fáìlì sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ẹni tó bá sọ pé ó máa yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ ló ń gún ènìyàn ní òkùnkùn.

Alábàáṣiṣẹ́ mi bi mí, "Kí ló kọ́kọ́ sọ fún ọ ní èdè yín?"

"Ó ní mo ṣì í."

"Ṣé òótọ́ ló sọ?"

"Òótọ́ ni."

Ó ṣí báàgì, ó mú ìwé kan jáde, ó fọwọ́ sí i lórí tábìlì dókítà, ó sì tì í sí ẹ̀gbẹ́ tí ọmọ náà yóò gbà fọwọ́ sí tirẹ̀. Orí mi wú. Mo ti kọ ètò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ ní ìlú yìí, kò sí ọ̀kankan tó mú inú mi dùn tó ìyẹn.

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. O ti sọ ọ́, mo sì ti gbọ́."

Kò dìde. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta.

"Ó ku ọ̀kan tí ẹ tún ṣì, mà."

Mo fa àga, mo jókòó níwájú rẹ̀, mo ní kó máa sọ ọ́.